Àpò Tó Wà Lára Yunifọ́ọ̀mù Ṣadé

Ṣọ́ọ̀bù wa, Ìkòsì,
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Wàsíù, Àjàní ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé bí o bá ti rí ìwé yìí, fóònù lo máa kọ́kọ́ gbé, o máa ní, "Daddy, ṣé kò sí o?" Má pè mí. Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ìyá yín náà wà dáadáa, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti àná ló ti ń bá mi fa ọ̀rọ̀ pé kí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ tí mi ò lè fi ẹnu sọ. Mo sọ fún un pé bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o máa ti sọ pé "Yes sir, Daddy, mo ti gbọ́" kí n tó sọ dé ìdajì. Ìwọ náà mọ̀ pé bí o ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nínú ìwé, wàá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Kọ́kọ́ jẹ́ kí n tún kí ọ kú oríire ìgbéyàwó. Inú mi dùn sí Bọ́sẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú ẹbí ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé opó ni, pé ó ti ní ọmọbìnrin kan nílé, pé kí ló dé tí o kò wá ẹni tí kò tíì bímọ. Mo ti dá wọn lóhùn pé àwọn kọ́ ló máa bá a gbé. Ó láájò, ó mọ èèyàn pọ́n lé, ó sì ń jẹ́ kí o rẹ́rìn-ín, ohun tí mi ò rí lójú rẹ fún ìgbà pípẹ́. Ohun kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ẹlòmíràn ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ bàbá láti ara ọmọ ọwọ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n lè fi ṣe àṣìṣe kí ọmọ tó gbọ́n. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ lórí ọmọ ọdún méjìlá. Kò sí àyè púpọ̀ fún ọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé.

O rántí ọjọ́ Àìkú tí mo wá sí ọ̀dọ̀ yín ní Ìṣẹrì Olówóra, tí mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rán yunifọ́ọ̀mù tuntun fún Ṣadé. Bọ́sẹ̀ ló fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó ń pè é, èmi ń kọ ọ́. Bí ìyá rẹ̀ ṣe yà sí ilé ìdáná, ọmọ yẹn sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Grandpa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi fi àpò sí i?" Kí n tó la ẹnu, ìwọ tí o wà lórí àga ti gbọ́. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Àpò kẹ̀? Kí lo fẹ́ kó sínú ẹ̀? Àbí o fẹ́ di ọkùnrin ni?"

O kò fi ìbínú sọ ọ́. Eré lò ń ṣe, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó jẹun, mò ń wò ó. Ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán, ó gbé ife omi, ó kàn fi kan ẹnu, ó gbé e sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé òùngbẹ kò gbẹ ẹ́ ni. Ó ní, "Mi ò kì í mu omi púpọ̀, Grandpa. Bí mo ṣe máa ń ṣe ní school nìyẹn, ó ti mọ́ mi lára." Mo ti àwo mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. O bi mí bóyá ata ọbẹ̀ ti pọ̀ jù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe ata o. Ẹ̀rù ló bà mí, nítorí mo ti rí ọmọ tó ṣe báyìí rí nínú ilé ara mi, ó sì kù díẹ̀ kí a pàdánù rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Ràṣídà ni mò ń sọ. Mo ti pè é ní Mende kí n tó gbé bírò, mo ní ṣé mo lè sọ ọ́ fún ọ. Ó ní, "Ẹ sọ fún un, Daddy. Ẹ má fi ibì kankan pamọ́, kódà ibi tí kò dáa lójú tiyín." Ọmọ yẹn kò ní yé bú mi lẹ́rìn-ín lẹ́rìn-ín.

O ṣì kéré nígbà tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. A gbé ọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá yín, a sì sọ fún ọ pé ibà ló ń ṣe é. Kì í ṣe ibà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama ni. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó ń fi ìka ra etí aṣọ, ó ní kí n bá òun fi àpò sí pinafọ́ọ̀ òun. Ní ìgbà yẹn, bí gbogbo àwa télọ̀ tí mo mọ̀ ní Ketu ṣe ń rán yunifọ́ọ̀mù nìyí: ti ọkùnrin, àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn; ti obìnrin, kò sí nǹkan kan. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Mo wo Ràṣídà lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lo fẹ́ kó sínú àpò? Àbí o fẹ́ di ọkùnrin ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ṣé o ti wá rí i báyìí? Ọ̀rọ̀ kan náà tí o sọ fún Ṣadé ni. Mi ò mọ ibi tí o ti gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ pé ó ti wà nínú ilé wa bí àga ṣe wà níbẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé Ràṣídà ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù. Ìyá yín mọ̀, ó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo páàdì, ṣùgbọ́n kò sọ fún mi, nítorí a ti gbà nínú ilé pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, bàbá kò sí níbẹ̀. Ní ilé ìwé wọn, ẹ̀yìn pápá tí àwọn ọkùnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin wà. Ọmọbìnrin tó bá gbé báàgì dání kọjá níbẹ̀, àwọn ọmọkùnrin á ti mọ ìdí rẹ̀, wọ́n á máa súfèé tẹ̀ lé e. Kò sì sí àpò tó lè fi páàdì sí kí ó lè kọjá bí ẹlòmíràn. Ràṣídà wá ro tirẹ̀ bí ọmọ ọdún méjìlá ṣe lè rò ó. Bí òun kò bá mu omi, ìtọ̀ kò ní gbọ̀n òun. Bí ìtọ̀ kò bá gbọ̀n òun, òun kò ní í kọjá nínú pápá. Àwọn ọjọ́ tó ń ṣe nǹkan oṣù nìkan ló kọ́kọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́.

Bí wọ́n bá jáde, ọjà ló ń lọ, ó ń lọ bá ìyá yín nídìí ata rodo ní Mile 12. Ibẹ̀ gan-an ló ti wá burú sí i. Ìwọ náà mọ ọjà yẹn. Ọkùnrin tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n á yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ti parí. Obìnrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà fún wọn wà lápá ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù, àwọn ọmọkùnrin tó ń jókòó níbẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ọmọbìnrin kọjá láìsọ ìsọkúsọ sí i. Ohun tí ìyá yín àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń ṣe ni pé wọn kì í mu omi títí wọ́n á fi délé. Wọ́n tilẹ̀ ń fi í yangàn. "Èmi? Láti àárọ̀, omi ò kan ẹnu mi o." Àfi bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Bí wọ́n bá sì ti rí i pé ọmọbìnrin kan ń dàgbà, wọ́n á pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á ní, "O ti di obìnrin báyìí, ṣọ́ omi mu." Ràṣídà kúrò níbi tí wọn kì í ti í mu omi, ó bọ́ síbi tí wọ́n ti ń yin ẹni tí kì í mu ún.

Nígbà tó ṣe, ibà dé. A fún un ní oògùn, a se àgbo, ó lọ, ó tún padà. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ìyá yín ní ìjókòó orí àpótí ló fà á. Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú ní kíláàsì, wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo sì gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan gbé ìtọ̀ rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó dúdú bíi tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Ó ní kòkòrò ti wọ inú ìtọ̀ ọmọ yìí, ó sì ti gòkè dé kíndìnrín.

"Ṣé ó máa ń mu omi?"

Ìyá yín ní, "Ó máa ń mu ún tí a bá ti délé lálẹ́."

"Alẹ́ nìkan, Mummy?"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Ràṣídà, ó ní, "Fine girl, kí ló dé tó ò kì í lọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní school?" Ràṣídà wò mí, ó sì yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró síta díẹ̀."

Wàsíù, mo dúró síta. Ọmọ mi wà nínú yàrá pẹ̀lú àìsàn tó lè pa á, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á láti sọ ohun tó ṣe é níwájú mi. Inú bí mi sí nọ́ọ̀sì yẹn gan-an. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé òun kọ́ ló lé mi jáde, èmi fúnra mi ni mo ti jáde nínú ọ̀rọ̀ ọmọ mi tipẹ́. Nígbà tí ìyá yín jáde wá, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ó wá fi kún un pé, "Ó béèrè àpò lọ́wọ́ yín, Bàbá Ràṣídà. Ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ràṣídà rí ìwòsàn, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó lóyún àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo ìgbà ni àwọn dókítà ń yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò, èmi àti ìyá yín kò sì sùn dáadáa títí tó fi bímọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àpò sí yunifọ́ọ̀mù gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n bá gbé wá. Àwọn ìyá kan bá mi jà pé àwọn kò béèrè rẹ̀, mo ní ẹ̀bùn ni. Tíṣà kan wá fi ẹjọ́ sùn pé súìtì ni àwọn ọmọ ń kó sínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa kó súìtì sí i, wọ́n ṣáà ti ní ibi tí wọ́n ń kó nǹkan sí.

Ó yẹ kí n sọ pé mo gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Rárá, ọgbọ́n ti ọmọbìnrin nìkan ni mo kọ́. Tìrẹ ṣì wà níwájú.

Nígbà tí ìwọ náà pé bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, o máa ń ru apẹ̀rẹ̀ ata láti ìdí ọkọ̀ dé ìsọ̀ ìyá yín nígbà ìsinmi. A kì í jẹ́ kí Ràṣídà dá jáde ra iyọ̀. Ìwọ lè jáde láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ẹni tó máa bi ọ́ bóyá o jẹun tàbí bóyá nǹkan kan ń dùn ọ́. Ọkùnrin ni ẹ́, a ti fi ìyẹn parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mò ń wọ̀n ọ́ fún ṣòkòtò, bí téèpù ṣe kan abẹ́ ikùn rẹ, o fà sẹ́yìn. Mo ní, "Dúró dáadáa jàre, ṣé ọmọge ni ẹ́ ni?" O dúró dáadáa. Omi lé ròrò sójú rẹ, mo rí i, inú mi sì dùn pé o gbójú. Ìpá ti wà lára rẹ látàrí ẹrù wíwúwo yẹn, o sì ń gbé e kiri. A kò mọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí o kò lè dìde lórí ẹní mọ́, tí wọ́n sáré gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní ìfun ti há síbẹ̀, pé bí a bá pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn.

Nígbà tí o jí, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò sọ fún mi. O ní, "Daddy, ẹ ní kí n dúró dáadáa." Mo lọ sí ẹ̀yìn ọsibítù, mo sunkún. Mo rí i pé kò sí ẹni tó ń wo ọ̀dọ̀ mi kí n tó sun ún, torí èmi náà, ọkùnrin ni mí.

Àjàní, àpá yẹn ṣì wà lára rẹ. O mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ṣeré lè ṣe fún ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yẹn. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, wọn kì í sì í bi wá bóyá eré ni.

Ìmọ̀ràn mi rèé, bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ wọ́n.

Èkínní, má sọ pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mi ò ní kí o lọ máa bi ọmọbìnrin léèrè ohun tó ń ṣe lára rẹ̀. Bọ́sẹ̀ ló máa bá a sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí páàdì máa wà nínú ilé bí ọṣẹ ṣe ń wà. Bí ó bá tán tí o sì wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù, rà á, gbé e wọlé, má fi pamọ́ sínú ọ̀rá dúdú bí ẹni jí nǹkan. Bí ó bá rí i pé ojú kò tì ọ́, ojú kò ní ti òun náà.

Èkejì, omi. Ẹ gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Má dúró de ibà. Bá wọn lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí o dúró síta, dúró síta, má bínú bíi tèmi, kí ọmọ náà ṣáà mọ̀ pé o wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣàlàyé fún Bọ́sẹ̀ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. Má dá a lẹ́bi, torí ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn. Ìyá yín ṣì ń fi tipátipá mu omi di òní olónìí, èmi ni mo ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sí ilé ìwé rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ. Bi wọ́n pé níbo ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin wà, ṣé ó ní ilẹ̀kùn, ṣé omi wà níbẹ̀. Wọ́n á wò ọ́ bákan. Nígbà tí mo lọ sí ti Ràṣídà, ọ̀gá ilé ìwé rò pé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù ni mo wá tọrọ. Nígbà tí mo sọ pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní bàbá kankan kò tíì bi òun léèrè ìyẹn rí. Wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn tí kò gba inú pápá kọjá, kò sì gba ariwo.

Ohun mìíràn tún wà tí mo máa ń rí nídìí iṣẹ́. Bí ọmọbìnrin bá ti ń dàgbà, ìyá rẹ̀ á ní, "Ọ̀gá télọ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa níwájú o." Ọmọ náà á ká èjìká jọ, á tẹ̀ síwájú, á sì dẹ́kun eré sísá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí ọmọ iṣẹ́ mi obìnrin bá ń wọ̀n ọ́n, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. O sọ fún mi pé Ṣadé fẹ́ràn eré sísá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ó ti dàgbà jù fún un. Bí ìdíje bá wà, lọ wò ó.

Bí Ọlọ́run bá sì fi ọmọkùnrin ta yín lọ́rẹ, tí ó dé ọjọ́ orí yẹn, bi í léèrè. "Ṣé o jẹun? Níbo ló ń dùn ọ́?" Kí ó sunkún níwájú rẹ, kó má lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Ìyá yín ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní ṣé ìwé ni mò ń kọ ni àbí mò ń rán agbádá. Jẹ́ kí n dúró níbí.

Yunifọ́ọ̀mù Ṣadé ló wà nínú ọ̀rá tí mo fi ìwé yìí sí. Àpò méjì ni mo fi sí i. Mo jẹ́ kí wọ́n jìn, mo sì fi aṣọ tó nípọn ṣe inú wọn, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ má bàa hàn síta. Má fún Bọ́sẹ̀ kó bá ọ fún un. Ìwọ ni o sọ̀rọ̀ yẹn, ìwọ ni kí o gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́. Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn kò dáa, pé àpò rẹ̀ rèé. Má wàásù fún un. Bu omi sí ife méjì, fún un ní ọ̀kan, kí o mu èkejì.

Bí ó bá wọ aṣọ náà wò, wàá rí i pé ó máa ti ọwọ́ bọ àwọn àpò yẹn lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọbìnrin ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí, wọ́n á sì dúró ṣánṣán. Wò ó dáadáa nígbà yẹn, Àjàní ọmọ mi, kí o má sì bi í pé kí ló fẹ́ kó síbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.